Bàbá Tí Ń Dáhùn Àgò Tí A Kò Ké

Bí o bá gba iwájú ilé Bàbá Lùkúmọ́nù kọjá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè rẹ̀ tán tí ó sì ti forí lé ọ̀nà Parakou, wàá gbọ́ tí bàbá náà ń dáhùn láti inú àgbàlá pé, "Àgò yà o! Wọlé." Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kágò. Ẹnu ọ̀nà á ṣófo, àfi ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu. Gbogbo Ṣábẹ ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Àwọn ọmọdé a máa sín in jẹ. Àwọn àgbà a ní ogbó ni, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo ní wèrè ni, mo sì sọ ọ́ síta, nítorí ẹnu mi kì í dákẹ́ lórí ohun tí ojú mi bá rí.

Élisabeth ni orúkọ mi, ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí. Ìyá Rosalie ni wọ́n ń pè mí ní Ṣábẹ, nítorí Rosalie ni àkọ́bí wa. Norbert, ọkọ mi, ọmọ Kétu ni. Ọdún kẹta tí Dàhòmì gba òmìnira ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra òwú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ fi í ṣe dìrẹ́tọ̀ ní Ṣábẹ. Òyìnbó ló máa ń jókòó lórí àga yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé, wọ́n ní kí ọmọ ìlú náà bọ́ síwájú. Wọ́n fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n fún wọn ní mọ́tò, wọ́n fún wọn ní ilé ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Wọn kò fún wọn ní ẹni tí wọ́n lè bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ijó ni mo jó wọ Ṣábẹ. Ta ni kò ní jó? Ìyàwó dìrẹ́tọ̀! Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ijó náà fi kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Lẹ́yìn ilé òwú tuntun, mo rí ògiri kan tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ògiri ilé tí kò sí mọ́. Mo bi àwọn òṣìṣẹ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n sorí kọ́. "Iná ni, Màdáàmù," wọ́n wí, wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ. Bí atẹ́gùn òjò bá ti fẹ́ báyìí, òórùn òwú tó jó á gba ojú fèrèsé wọlé. Mo fọ aṣọ fèrèsé, mo fọ aṣọ ibùsùn, mo fi ọṣẹ fọ ilẹ̀. Òórùn náà kò lọ. Nígbà tó yá, ó wọ inú agbádá ọkọ mi pàápàá.

Ọkọ mi náà kò sì sùn mọ́. Á dìde, á máa rìn síwá sẹ́yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá bi í, á ní, "Kò sí nǹkan kan, Ìyá Rosalie." Ọkùnrin Kétu! Ó gbà pé ìyàwó kò gbọdọ̀ rí ẹ̀rù ọkọ rẹ̀, bíi pé ẹ̀rù ọ̀hún kò ti gba àárín ibùsùn sùn. Nígbà tí mo fara balẹ̀ wò ó, mo rí i pé kò sí ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá wọ bùró, àwọn òṣìṣẹ́ á dákẹ́. Àwọn ọ̀gá Kùtọnù kò fẹ́ gbọ́ ju pé òwú ti pọ̀. Àwọn ẹbí ní Kétu rò pé ẹni tó dé ipò bẹ́ẹ̀ kò tún ní ìṣòro mọ́, àfi kó máa yanjú tiwọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn lábẹ́, ó wá dà bí ọmọ òrukàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ rìn lọ sí ìhà gáà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní kí n bu sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìsàlẹ̀ àwo ọkùnrin yìí.

"Níbo lẹ lọ?" ni mo bi í.

"Ilé Bàbá Lùkúmọ́nù."

"Wèrè yẹn?"

"Kì í ṣe wèrè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ń rò ó bóyá kí n wọlé tàbí kí n padà. Mi ò kágò. Ó kàn dáhùn láti inú pé, 'Àgò yà o! Wọlé, François.'"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ta ni François?"

Norbert wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹni tó wà lórí àga mi kí n tó dé. Inú iná yẹn ló kú sí."

"Ẹ sì wọlé?"

"Mo wọlé. Àga méjì ló wà nínú àgbàlá. Ó ní kí n jókòó sórí èkejì."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìyá wa kọ́ wa pé bí a bá pe orúkọ wa ní ìrọ̀lẹ́, tí a kò mọ ẹni tó pè wá, a kì í jẹ́. Wọ́n pe orúkọ òkú, ọkọ mi fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ẹ. Mo kígbe. Mo ní ṣé ó fẹ́ fi mí ṣe opó ni? Ó ní kí n má bínú, pé òun kò rí ìfọ̀kànbalẹ̀ bí ti ìrọ̀lẹ́ yẹn rí láti ìgbà tí a ti dé Ṣábẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún wá dùn mí jù.

Ilẹ̀ mọ́, mo so gèlè mi le, mo di ilé Bàbá Lùkúmọ́nù. Àṣàbí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ ti kú tó sì padà sílé láti tọ́jú bàbá rẹ̀, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ sọ fún bàbá yín," ni mo wí, n kò tilẹ̀ kí i, "ẹ ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ọkọ mi fún mi."

Àṣàbí gbé àpótí fún mi, ó bu omi. "Ẹ mu omi ná, Ìyá Rosalie, kí ẹ tó bú wa. Ọ̀nà jìn."

Mo fẹ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ mí. Ibi tí mo ti ń mu omi ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá Lùkúmọ́nù ti tẹ̀lé bàbá tirẹ̀ wá sí Ṣábẹ nígbà èwe, aṣọ ni wọ́n ń tà kiri. Bàbá kú síbí, ọmọ dúró. Ó ra ẹ̀pà, ó ra òwú, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ọ̀gá ilé ìṣòwò kan tí kámíọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń ná ọ̀nà láti ibí dé Parakou. Kò sí ẹni dúdú tó ti jókòó síbẹ̀ rí kí ó lè bi léèrè. Gbogbo àṣìṣe tí ọ̀gá lè ṣe, ó ṣe é, ó sì dá a jẹ. Ó gbọ́ òfófó, ó lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rẹ́ náà kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Àṣàbí ní bàbá òun máa ń sọ ọ́ nígbà náà pé bí ọmọ wa kan bá tún dé orí irú àga yẹn, òun á jókòó tì í.

"François wá dé," ni Àṣàbí wí. "Ọmọ dáadáa ni. Dákà ló ti kàwé. Ṣùgbọ́n ó dé Ṣábẹ, kò wá kí bàbá mi."

Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Àlejò ló ń kí onílé. François kò mọ̀, tàbí ó mọ̀ tí kò ráyè. Àwọn ènìyàn sọ fún bàbá náà pé, "Ẹ lọ bá a, ọmọ yín ni." Ó ní, "Èmi kọ́? Kó wá kí mi ná."

Mo gbọ́ ọ̀pá lórí ilẹ̀ lẹ́yìn mi. Bàbá náà ti jáde, ó ga, ó gbẹ, ó dé fìlà funfun. Mo kúnlẹ̀ kí n tó rántí pé ìjà ni mo bá wá.

"Ìyàwó," ó wí, "wọ́n ní o wá gba ọkọ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Orúkọ òkú lẹ pè é."

"Òótọ́ ni." Ó jókòó. "Jẹ́ kí n parí ìtàn tí Àṣàbí ń sọ, nítorí èmi ni mo ni ín. Lọ́dún tí òwú pọ̀, François bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ẹnu ọ̀nà yìí ní ìrọ̀lẹ́. Mo mọ ìró bàtà rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń wọ irú rẹ̀ níbí. Á dúró. Kò ní kágò. Ó ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má rí dìrẹ́tọ̀ tó ń tẹríba fún arúgbó oníṣòwò. Èmi náà á jókòó síbí, n ó mú èémí mi dání. Mo ní, onílé kì í dáhùn àgò tí a kò ké. Bí ó bá kágò, n ó dáhùn. Ìrọ̀lẹ́ tó dúró kẹ́yìn, ó dúró títí wọ́n fi pèrun Màgàríbù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí bàtà náà yí padà."

Ojú mi kò kúrò lára ọ̀pá rẹ̀.

"Kò pẹ́ sí i, òjò àkọ́rọ̀ dé. Òwú tútù ló kó sínú ilé òwú, ó ní kí wọ́n tì í pa kí òjò má bàa bà á jẹ́. Òwú tí kò gbẹ, bí a bá kó o jọ gègèrè, inú rẹ̀ ló ti ń gbóná. Mo mọ̀. Mo ti rí i rí. Iná sọ. Ọ̀dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wà nínú, wọ́n sì ti tìlẹ̀kùn. François fúnra rẹ̀ ló já ìlẹ̀kùn tó wọlé lọ gbé e. Òrùlé já lé àwọn méjèèjì."

Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ìyàwó. Mo ń wò ó. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni bàtà yẹn ń wá dúró síbẹ̀ yẹn. Mo ń dáhùn, kò wọlé. Ìrọ̀lẹ́ àná, mo dáhùn, ẹnìkan wọlé. Ìwọ ni kí o sọ fún mi: ṣé kí n lé e jáde ni?"

Mo kí wọn, mo dìde, mo bá ọ̀nà mi lọ. Ẹ má rò pé mo ti gbà fún un o. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí, inú sì tún ń bí mi, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn.

Norbert ń lọ. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti kọjá, á mú fìlà rẹ̀. Mo máa ń gbé Rosalie pọ̀n lọ ṣọ́ wọn, n ó ṣe bí ẹni tó ń lọ kí Àṣàbí. Àga méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n kọjú sí òkè, wọn kò kọjú sí ara wọn. Bàbá náà ní bí ènìyàn bá ń wo ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ, ojú yẹn ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún, kò ní sọ ti inú rẹ̀. Mo ń retí kí ó kọ́ ọkọ mi ní ọgbọ́n òwò. Kò kọ́ ọ ní nǹkan kan tí mo gbọ́. Ìbéèrè nìkan ló ń bi í, yóò sì dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ á pọ̀ tí èmi tí mo wà lẹ́yìn ọgbà á fi fẹ́ dáhùn.

Nígbà kan, àwọn àgbẹ̀ abúlé Bóni bínú, wọ́n ní àwọn kò ní ta òwú mọ́. Wọ́n ń dúró láti àárọ̀ nínú oòrùn kí wọ́n tó wọn ẹrù wọn, àwọn òṣìṣẹ́ sì tún ń bú wọn. Norbert fẹ́ pe ṣọ́jà. Ó sọ ọ́ tìbínú tìbínú. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá tìrẹ, bí ó bá kó ẹrù lọ tà, níbo ló máa ń jókòó sí títí yóò fi kàn án?" Mo rí ẹ̀yìn Norbert láti ibi tí mo wà. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àgbẹ̀ ni bàbá ọkọ mi ní Kétu. Inú oòrùn náà ló máa ń jókòó sí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àtíbàbà ti wà níwájú ilé òwú, àmù omi wà lábẹ́ rẹ̀, dìrẹ́tọ̀ sì ti lọ sí Bóni fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ wọ́n. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é.

Báyìí ni ọkọ mi ṣe di ọ̀gá. Ó padà ń sùn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Èmi náà wá ń fi àkàsà àti ọbẹ̀ ẹja ránṣẹ́ sí bàbá náà, ó sì ní ata mi ti pọ̀ jù, pé ṣé mo fẹ́ pa òun ni. Mo ní bí wọn kò bá fẹ́, kí wọ́n dá a padà. Àwo òfìfo ló ń dá padà.

Ṣùgbọ́n bí Norbert bá tilẹ̀ ti jókòó tì í, bàbá náà ṣì máa ń dákẹ́ lójijì ní ìrọ̀lẹ́, á gbé orí sókè, á ní, "Àgò yà o." Norbert ní òun náà ti ń gbọ́ bàtà ọ̀hún. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Ọjọ́ tí èmi fúnra mi gbọ́ ọ, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún kẹta tí a dé, ọyẹ́ mú bàbá náà, àyà ń dùn ún, kò lè rìn mọ́. Ọdún náà ni òwú pọ̀ tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Láti Òkpárá, láti Adído, ẹrù ń dé lójoojúmọ́. Òjò àkọ́rọ̀ kò dúró de àsìkò rẹ̀. Ó ká àwọn tó ń bọ̀ mọ́ ọ̀nà, òwú tútù ni wọ́n gbé dé. Ọ̀gá àgbà wọ mísẹ̀lẹ́ẹ̀nì, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń kó èrò, wá láti Kùtọnù. Èmi ni mo gbé bíà fún un, mo sì gbọ́ ohun tó wí.

"Mùsíè dìrẹ́tọ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ wọlé lónìí, kí ẹ tìlẹ̀kùn. Ọkọ̀ ẹrù ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí òjò bá pa á níta, ọwọ́ yín ni n ó ti béèrè."

Ó mu bíà rẹ̀ tán, ó padà lọ. Norbert lọ ki ọwọ́ bọ inú òwú tí wọ́n ti kó jọ. Ó ní kí èmi náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe.

A jọ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Lùkúmọ́nù. Orí ẹní ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àṣàbí gbé irọ̀rí sí i lẹ́yìn. Norbert fa àga François sún mọ́ ọn, ó kọjú sí òkè bí ìṣe wọn, ó sọ gbogbo rẹ̀.

"Kí ni ìwọ rò?" bàbá náà bi í. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Mo rò pé ó lè jó. Ó sì lè má jó. Àwọn mìíràn ń kó òwú tútù wọlé, kì í jó."

"Bí o kò bá kó o wọlé ńkọ́?"

"N ó tẹ́ ẹ sórí àpáta kí oòrùn lù ú. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́, ilé, mọ́tò. Ìyá Rosalie sì lóyún." Ó yí ojú kúrò lára òkè, ó wo bàbá náà. "Bàbá, ẹ sọ ohun tí n ó ṣe fún mi. Lónìí nìkan."

Bàbá náà mi orí. "Bí mo bá sọ ọ́, tèmi ni yóò jẹ́. Èmi sì ń lọ. Ta ni yóò wá bá ọ gbé e?" Ó sinmi kí ó tó tún sọ̀rọ̀. "Ta ni yóò ṣọ́ ilé òwú náà lónìí?"

"Pierre," ni Norbert wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó wà lẹ́nu mi kí n ní kí ó kó o wọlé. Mo ronú ilé mi, mo ronú ọmọ inú mi, mo ronú bí wọ́n yóò ti fi wá rẹ́rìn-ín ní Àjàṣẹ́. Nígbà náà ni òkúta wẹ́wẹ́ dún lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la gbọ́ ọ. Bàbá náà gbé orí sókè lórí irọ̀rí, ó ní, "Àgò yà o, ọmọ mi." Mo wo ẹnu ọ̀nà, eruku nìkan ló wà níbẹ̀. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹ bi ẹni tó bá mọ̀ mí bí ìyẹn ti le tó.

Norbert dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá náà, pẹ̀lú aṣọ bùró rẹ̀, ó sì jáde lọ.

Kí oòrùn tó là, wọ́n ti ń ru òwú lọ sórí àpáta ẹsẹ̀ òkè. Àwọn obìnrin tó ń sá èlùbọ́ níbẹ̀ kó tiwọn kúrò fún un. Nígbà tó máa di ọ̀sán, àpáta náà ti funfun láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ojú ríran dé. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń wò ó. Ẹnìkan ní ó jọ aṣọ òkú. Mo bú u.

Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà dáadáa. Ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án, òjò rọ̀. Gbogbo wa la sáré, èmi àti oyún mi, a kó ohun tí a lè kó. Púpọ̀ rẹ̀ bàjẹ́.

Inú òjò yẹn ni Bàbá Lùkúmọ́nù kú. Àṣàbí ní ó gbọ́ ìró òjò lórí páànù, ó la ojú, ó bi òun pé, "Ta ló wà nínú ilé òwú?" Òun ní, "Kò sí ẹnìkan, Bàbá." Ó ní, "Ó dáa." Kò sọ òmíràn mọ́.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Tábìlì kékeré kan ní Kùtọnù, lábẹ́ ẹni tó ti jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ rí, ni wọ́n ní kó lọ máa jókòó sí. Ní Ṣábẹ, wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà: dìrẹ́tọ̀ tó sá òwú bí èlùbọ́. Kí ni yóò sọ? Iná François, gbogbo ayé rí i, ògiri rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Iná tí kò jó, ta ni yóò fi hàn án? Pierre ń jí, ó ń jẹun, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kò mọ̀ bóyá ẹnìkan gbà á là tàbí kò gbà á là. Títí dòní, ọkọ mi a máa bi mí pé, "Ìyá Rosalie, ṣé ìbá jó?" Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀.

A kó jáde kúrò nínú ilé ńlá. Oyún mi ti wúwo ju kí n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, Norbert gba àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá Kùtọnù láti dúró tì mí, Àṣàbí bá fún wa ní yàrá títí n ó fi bí. Ní ìrọ̀lẹ́, Norbert máa ń jókòó sínú àgbàlá, lórí àga bàbá náà. Kò sí ẹni tó ní kó jókòó síbẹ̀. Àṣàbí ṣì ń nu èkejì, ìyẹn ṣófo.

Dìrẹ́tọ̀ tuntun dé, ó ń jẹ́ Alassane, ọmọdékùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má sún mọ́ ọkùnrin tó ba òwú jẹ́. A ń rí i tó ń kọjá nínú mọ́tò wa, kì í wo ìhà ọ̀dọ̀ wa. Mo ní kó máa lọ, orí yá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ojú irin ti kọjá, òkúta wẹ́wẹ́ dún lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Kò kágò. Mo wo Norbert. Ó ti gbọ́ ọ. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo mọ ohun tó dì í lẹ́nu. Ìtìjú ni. Ta ni òun, ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò máa pe dìrẹ́tọ̀ wọlé? Jẹ́ kí ó kágò ná. Bàtà náà yí díẹ̀ lórí òkúta, bí ẹni tó fẹ́ padà.

Ẹ̀rù bà mí títí dé inú egungun. Mo ní nínú ara mi pé, bí François bá ni, kó wọlé. Bí alààyè bá ni, kó wọlé. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbọ́ ọ.

"Àgò yà o!" ni mo kígbe. "Wọlé!"

Ìlẹ̀kùn ọgbà dún. Alassane ló dúró síbẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, eruku bo bàtà rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màdáàmù," ó wí, "mi ò tíì kágò."

"A gbọ́," ni mo dá a lóhùn. "Àga yín nìyẹn."